Bí a ṣe ń pààrọ̀ hard disk kékeré sí ńlá láì tún Windows gbé sí i

Bí ẹ bá ṣí This PC tí ẹ rí i pé ìlà abẹ́ C: ti pupa, àyè tó kù níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mọ́ nìyẹn. Láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ ló pọ̀ jù lọ́wọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, 256GB tàbí 500GB sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń bá wá. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó bá ti fi AutoCAD, MATLAB àti SPSS sí i, tó tún wá kó fíìmù lé e, kò ní pẹ́ rárá tí yóò fi kún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Takie, tó ti ń tọ́jú iṣẹ́ CorelDRAW àwọn oníbàárà láti ọdún mélòó kan. Kò lè pa á rẹ́, nítorí oníbàárà á padà wá pé ìwé ìpè tọdún ìjelòó lòun tún fẹ́ fi ṣe ti àbúrò òun.

Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọ̀rọ̀ tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni "ẹ jẹ́ ká fọ́ọ̀mátì ẹ̀, ká fi Windows tuntun sí i." Mi ò bá wọn jà. Ó yá lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe é. Orí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni ìyókù ń já lé: fáìlì tí a fi ń gbé Windows 11 sí kọ̀ǹpútà nìkan ju 5GB lọ, kí a tó sọ ti àwọn update tó máa tẹ̀ lé e, Office, àti dráífà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Dátà ni gbogbo rẹ̀ máa jẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ máa tó rántí pé sọ́fútíwíà kan wà tí ẹni tó bá yín fi sí i ti kó lọ sí Èkó, tí ẹ ò sì mọ ibi tó ti rí i.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun ni a ń pè ní clone. Ẹ máa ṣe ẹ̀dà odidi hard disk àtijọ́ sórí tuntun: Windows, sọ́fútíwíà, ọ̀rọ̀ aṣínà tó wà nínú Chrome, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, àtàwọn ìpín kékeré tó fara pamọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde. Kì í ṣe ẹrù inú ilé là ń kó. Ilé náà gan-an la ń gbé tòun ti ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ìdí nìyí tí "copy" àti "paste" kò fi lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìpín tí kọ̀ǹpútà fi ń dìde kì í hàn nínú This PC, Windows tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ náà kò sì ní jẹ́ kí ẹ fọwọ́ kan púpọ̀ nínú fáìlì tirẹ̀.

Ọ̀nà tí mo máa tọ́ka sí, ọ̀fẹ́ ni sọ́fútíwíà rẹ̀, kò sì béèrè pé kí ẹ jẹ́ ọ̀gá nídìí kọ̀ǹpútà. Ibì kan ṣoṣo ló ti lè di àdánù ńlá, ibẹ̀ sì ni ibi tí ẹ ti máa yan èyí tí a ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ àti èyí tí a ń da ẹ̀dà náà sí. Ẹni tó bá ṣì wọ́n yàn á da òfìfo lé iṣẹ́ ara rẹ̀ lórí. Gbogbo ìyókù, bó bá tilẹ̀ dàrú, a lè tún un bẹ̀rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí hard disk àtijọ́ bá ṣì wà bó ṣe wà.

Kí ẹ tó náwó

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ihò tó wà nínú láptọ́ọ̀pù yín, nítorí ibẹ̀ ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Èyí tó wà nínú àwọn láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ díẹ̀ ni SATA oní-ínṣì 2.5, ìyẹn pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin. Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ni M.2, tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní àpótí. Nọ́ńbà 2280 tí ẹ máa rí lára rẹ̀ túmọ̀ sí pé fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 22, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 80. Ọgbọ́n wà ní ti M.2 yìí: oríṣi méjì ni, ọ̀kan ń lo ọ̀nà SATA, èkejì ń lo ọ̀nà NVMe, wọ́n sì jọra débi pé àwọn tó ń tà á pàápàá máa ń fi ọ̀kan pe èkejì. M.2 SATA sábà máa ń ní gígé méjì létí ibi tó ń wọ ihò, NVMe sì sábà máa ń ní ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀ ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé ju gígé lọ.

Láti mọ èyí tó wà nínú tiyín láì tú u, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ lọ sí Performance, kí ẹ wo Disk 0. Orúkọ dísìkì náà máa hàn níbẹ̀, Windows tó bá sì jẹ́ tuntun díẹ̀ á sọ bóyá HDD ni (hard disk oníyípo), SSD ni (èyí tí kò ní ohun tó ń yí nínú), tàbí NVMe. HP, Dell àti Lenovo máa ń gbé ìwé ìtúnṣe láptọ́ọ̀pù wọn síta lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ tẹ orúkọ láptọ́ọ̀pù yín pẹ̀lú "service manual" sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ ó rí àwòrán ibi tí síkúrù kọ̀ọ̀kan wà. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan ní àyè méjèèjì: hard disk wà ní ìsàlẹ̀, ihò M.2 sì wà lófìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ yín ti dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2014: púpọ̀ nínú wọn kò lè fi NVMe dìde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ rí ọ̀nà fi í sínú ihò.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n. Ẹ má ra 480GB láti fi rọ́pò 500GB. Ó dà bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré ju ti àtijọ́ lọ, sọ́fútíwíà clone tí a máa lò á sì kọ̀ jálẹ̀ láti ṣe é. 512GB á gbà á, àmọ́ èrè wo ló wà nínú kí ènìyàn ṣe gbogbo wàhálà yìí torí 12GB? Ẹni tó bá ní 500GB, 1TB ni kó lọ rà. Bí Windows bá wá kọ 931GB síbẹ̀, ẹ má lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ń fi ẹgbẹ̀rún kà, Windows ń fi 1,024 kà, iye kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Bó ṣe jẹ́ pé 500GB ń di 465GB náà nìyẹn.

Ẹ ra SSD. Ọ̀rọ̀ àyè la bá wá, ṣùgbọ́n ìyára ni ẹ máa kọ́kọ́ rí. Hard disk oníyípo inú láptọ́ọ̀pù kì í sábà ju nǹkan bí 100MB lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, SSD onì-SATA lè dé nǹkan bí 550MB, NVMe sì lè ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po mélòó kan.

Ọjà náà kún fún àlòkù tí wọ́n pè ní tuntun. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, yálà ní Under G ni tàbí ní Ìlọrin, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tó ní CrystalDiskInfo, sọ́fútíwíà tó ń ṣàyẹ̀wò ìlera dísìkì, kí ẹ wo Power On Hours, ìyẹn iye wákàtí tí dísìkì náà ti ṣiṣẹ́. Dísìkì tuntun kò ní ju wákàtí díẹ̀ lọ. Èyí tó bá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí hàn ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àlòkù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o, bí wọ́n bá ti sọ fún yín tí owó rẹ̀ sì jọ ti àlòkù.

Bí èyí tó wà nílẹ̀ bá ń ṣàìsàn

CrystalDiskInfo kan náà ni kí ẹ fi wo hard disk àtijọ́. Bí ó bá kọ "Good", ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí ó bá kọ "Caution" tàbí "Bad", ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6. C5 ló máa ń kó mi lọ́kàn sókè jù: ó ń ka ibi tí hard disk ti gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Irú hard disk bẹ́ẹ̀ lè ṣíwọ́ láàárín iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ kó iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì kúrò lórí rẹ̀, project ní àkọ́kọ́, kí ẹ tó dán clone wò rárá. Bí clone bá ń dúró sójú kan náà ní gbogbo ìgbà, ddrescue ni irinṣẹ́ tó yẹ. Lórí Linux ló ti ń ṣiṣẹ́: ó kọ́kọ́ ń kó gbogbo ibi tó ṣeé kà, ó sì ń fi ibi tó le sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn. Bí ẹ bá sì ń gbọ́ tí hard disk ń dún kọ-kọ-kọ, ẹ pa á. Kì í ṣe iṣẹ́ sọ́fútíwíà mọ́.

Àwọn kan wà tí mo máa ń sọ fún pé kí wọ́n má ṣe clone. Kọ̀ǹpútà tí fáírọ́ọ̀sì ti jẹ tán, tàbí tí Windows rẹ̀ ń dákú lójoojúmọ́, gbogbo àìsàn yẹn ni clone máa gbé lọ sórí tuntun. Fún irú wọn, fọ́ọ̀mátì ló tọ́.

Ohun tí ẹ máa nílò

Okùn tó ń so SATA mọ́ USB, tàbí àpótí tí a ń fi hard disk sí tí a bá fẹ́ lò ó níta. Bí NVMe ni ẹ rà, àpótí NVMe ni ẹ máa lò, ti M.2 SATA kò ní kà á, àfi bí wọ́n bá kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ó gba méjèèjì. Ẹ wá èyí tó jẹ́ USB 3, kí ẹ sì fi í sí ihò USB tí inú rẹ̀ jẹ́ búlúù, níbi tí irú rẹ̀ bá wà. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí ohun tó wà lórí hard disk yín bá jẹ́ 300GB, USB 3 tó ń gbé 80MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan á parí rẹ̀ láàárín wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀. USB 2 tó ń gbé 30MB á gbà tó wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 45.

Fíláàṣì kan, 4GB tó, kí ó má sì ní ohun tí ẹ fẹ́ nínú torí gbogbo rẹ̀ ló máa pa rẹ́. Súkúdíráfà kékeré tí ẹnu rẹ̀ rí bí àgbélébùú, PH0. Káàdì ATM tó ti kú, fún ṣíṣí ìdérí ìsàlẹ̀. Ọ̀bẹ ń gé e lára.

Iná sì ni. Bátìrì ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀ kò lè gbé ìṣẹ́jú ogún mọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lórí iná ìjọba nìkan nígbà tí òjò ti ṣú. Ẹ gbé e sórí ínfátà, tàbí kí ẹ rí i dájú pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀; ti kọ̀ǹpútà orí tábìlì, UPS ni. Bí iná bá lọ láàárín clone, hard disk àtijọ́ kò ní rí nǹkan kan, nítorí kíkà nìkan là ń kà á. Àkókò yín ló ṣòfò, ẹ ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìmúrasílẹ̀ nínú Windows

Ibí yìí ni àwọn ènìyàn máa ń fò, òun ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú "kò ṣiṣẹ́" tí mò ń gbọ́.

Ẹ pa ohun tí ẹ ò nílò rẹ́, kí ẹ da Recycle Bin nù, kí ẹ sì kó iṣẹ́ tí ẹ ò lè pàdánù sórí fíláàṣì tàbí Google Drive. Ẹ̀dà kejì yìí kò sí lára clone, ó ṣì pọn dandan.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ cmd sínú àpótí ìwákiri, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún eku tẹ orúkọ tó jáde, kí ẹ yan "Run as administrator". Ẹ kọ èyí síbẹ̀:

manage-bde -status

Àṣẹ yìí á sọ bóyá BitLocker, ìyẹn àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, ti ti C: pa. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó bá Windows 11 wá ló ti tì í láì jẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ̀. Bí ẹ bá rí "Fully Decrypted", kò sí wàhálà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lọ sí Settings, Privacy & security, Device encryption, kí ẹ pa á, kí ẹ sì dúró títí ó fi parí; ó lè gbà ju wákàtí kan lọ. Ẹ kọ recovery key rẹ̀ sórí ìwé kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan: nọ́ńbà 48 ni, ó wà nínú àkántì Microsoft tí ẹ fi wọlé. Ẹni tó bá lọ yí ètò BIOS (ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó dìde) padà nígbà tí BitLocker ṣì wà lórí iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ni kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tó kàn:

powercfg /h off

Ohun tó ń ṣe ni pé, bí ẹ bá pa Windows, ó máa kú tán. Láìṣe bẹ́ẹ̀, Fast Startup ń mú kí ó sùn ìlàjì oorun, sọ́fútíwíà clone á sì bá C: ní ipò tí kò ti tíì parí iṣẹ́, á kọ̀ láti fọwọ́ kàn án. Ó tún ń dá àyè tó tó GB mélòó kan padà fún yín.

Ìkẹyìn ni chkdsk C: /f. Á béèrè bóyá kí òun ṣe é nígbà tí kọ̀ǹpútà bá tún dìde. Ẹ tẹ Y, kí ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ jẹ́ kó parí.

Ẹni tó ń kúrò lórí SATA bọ́ sórí NVMe nínú láptọ́ọ̀pù tó ní ihò méjèèjì: ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ fi NVMe sí àyè rẹ̀ nísinsìnyí, kí ẹ fi Windows àtijọ́ dìde lẹ́ẹ̀kan kó lè mọ̀ pé ó wà. Bí Disk Management bá béèrè bóyá kí òun "Initialize" rẹ̀, ẹ fagi lé e; clone á ṣe tirẹ̀ bó ṣe fẹ́.

Clone náà

Rescuezilla ni sọ́fútíwíà clone tí mo yàn. Macrium Reflect ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀dà ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti dópin láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024. Samsung ní ti ara rẹ̀, Crucial àti Western Digital náà ń fún àwọn oníbàárà wọn ní Acronis, àmọ́ dísìkì tiwọn nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Clonezilla dára gan-an, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tó jẹ́ kìkì lẹ́tà máa ń dẹ́rù ba ẹni tí kò tíì rí i rí. Rescuezilla ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, eku ni ẹ sì máa fi ṣe é.

Ẹ gba fáìlì ISO rẹ̀ sílẹ̀ láti ojúlé Rescuezilla fúnra rẹ̀. Ẹ lo Rufus, sọ́fútíwíà kékeré kan, láti gbé e sórí fíláàṣì lọ́nà tí kọ̀ǹpútà á fi lè fi í dìde. Ẹ so dísìkì tuntun mọ́ USB (àfi bí ẹ bá ti fi NVMe sí ihò rẹ̀ tẹ́lẹ̀), ẹ yọ gbogbo fíláàṣì àti hard disk mìíràn kúrò lára láptọ́ọ̀pù, kí ohun tó bá hàn lójú yín má ju méjì tí ẹ nílò àti fíláàṣì Rescuezilla lọ. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tàn án, kí ẹ sì máa tẹ bọ́tìnì tó ń ṣí àkójọ ohun tí a lè fi dìde: F9 lórí HP, F12 lórí Dell àti Lenovo. Ẹ yan fíláàṣì.

Bí Rescuezilla bá ṣí, ẹ tẹ "Clone". Á kọ́kọ́ béèrè orísun, lẹ́yìn náà ibi tí a ń dà á sí.

Ẹ dúró níbí.

Ẹ má wo orúkọ bíi sda àti sdb nìkan. Ó lè yí padà bí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn. Ẹ wo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe dísìkì àti ìwọ̀n rẹ̀. Kí ẹ tó dé ibí, ẹ ti yẹ kí ẹ kọ ọ́ sórí ìwé: "àtijọ́, Toshiba, 500GB, tuntun, Kingston, 1TB", tàbí bí tiyín bá ṣe rí. Orísun gbọ́dọ̀ ní ìpín bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á jẹ́ NTFS ńlá, ìyẹn èyí tí Windows àti iṣẹ́ yín wà. Tuntun gbọ́dọ̀ ṣófo. Bí èyí tí ẹ fẹ́ dà á sí bá ní ìpín NTFS ńlá lórí, tí ẹ sì mọ̀ pé tuntun gidi lẹ rà, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ ti ń ṣì í. Mo máa ń pe ẹlòmíràn kó wá bá mi kà á sókè. Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ tẹ "Next" lójú ewé yẹn.

Ẹ yan gbogbo ìpín, títí kan àwọn kékeré tí ẹ ò mọ iṣẹ́ wọn. Ẹ jẹ́ kó kọ partition table (àtẹ tó ń sọ bí a ṣe pín dísìkì) tuntun sórí ibi tí a ń dà á sí. Ẹ fọwọ́ sí i. Ẹ lè lọ jẹun. Ẹ ṣáà má gbé láptọ́ọ̀pù kiri nígbà tí okùn wà lára rẹ̀, nítorí okùn USB tó bá mì díẹ̀ ti tó láti dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Ìpààrọ̀

Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì. Bí inú ni bátìrì wà, ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ kọ́kọ́ fa okùn bátìrì kúrò lójú pákó, kí ẹ tẹ bọ́tìnì ìtànná mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ara wa máa ń kó iná kékeré jọ, òun ló ń ta wá nígbà mìíràn tí a bá bọ́ aṣọ. Ìwọ̀nba iná yẹn ti tó láti ba ẹ̀yà SSD jẹ́. Ẹ fọwọ́ kan irin kan tó fẹ̀, irin fèrèsé náà ti tó, kí ẹ tó mú SSD, kí ẹ sì di etí rẹ̀ mú.

SATA rọrùn: ẹ fà á sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ihò, ẹ yọ irin tàbí rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi sára tuntun. Hard disk àtijọ́ lè nípọn tó mílímítà 9.5, SSD jẹ́ 7, ó lè máa mì nínú àyè rẹ̀. Ẹ fi ìtẹ́lẹ̀ tó bá SSD wá sí i. M.2 ní tirẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni ẹ máa tì í wọlé, á dúró sókè díẹ̀, ẹ ó wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ẹ fi síkúrù dè é. Síkúrù kékeré yẹn ni kì í sábà sí lára láptọ́ọ̀pù tòkúnbọ̀, torí náà ẹ béèrè rẹ̀ níbi tí ẹ ti ra SSD.

Hard disk àtijọ́ kò gbọdọ̀ wà lára kọ̀ǹpútà nígbà àkọ́kọ́ tí tuntun máa dìde. Ẹ̀dà méjì tí nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan náà máa ń da Windows lójú rú: ó lè ti ọ̀kan pa, ó sì lè jẹ́ pé ti àtijọ́ ló fi dìde, kí ẹ máa rò pé tuntun lẹ ń lò.

Bí kò bá dìde

Ẹ kọ́kọ́ wọ BIOS, kí ẹ wò ó bóyá ó rí SSD rárá. Bí kò bá rí i, ẹ tún un fi sí àyè rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá rí i, ẹ yan "Windows Boot Manager" tó wà lórí rẹ̀. AHCI àti RAID tí ẹ máa rí níbẹ̀, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá dísìkì sọ̀rọ̀ ni; ẹ má ṣe yí ọ̀kan sí èkejì. Bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ni kí ó wà.

Ojú búlúù tó kọ INACCESSIBLE BOOT DEVICE sábà máa ń wá lọ́dọ̀ ẹni tó kúrò lórí SATA bọ́ sórí NVMe láì jẹ́ kí Windows kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bí ó bá kùnà ní ẹ̀ẹ̀mejì sí ẹ̀ẹ̀mẹta, Windows á ṣí ojú ewé àtúnṣe fúnra rẹ̀. Ẹ lọ sí Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, kí ẹ tẹ 4 fún Safe Mode. Bí ó bá ti wọlé lẹ́ẹ̀kan báyìí, ẹ tún un tàn, á wọlé bó ṣe ń wọlé tẹ́lẹ̀.

Bí ó bá ní òun kò rí ohun tí òun máa fi dìde rárá, ẹ fi fíláàṣì tí a fi ń gbé Windows sí kọ̀ǹpútà dìde, ẹ tẹ Shift àti F10. Ẹ kọ diskpart, lẹ́yìn náà list vol. Ẹ wá ìpín FAT32 kékeré, nǹkan bí 100MB; ká ní nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2, ẹ kọ select vol 2, assign letter=S, lẹ́yìn náà exit. Ẹ wá kọ:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Ẹ ṣàkíyèsí pé lẹ́tà Windows níbí lè má jẹ́ C:. List vol ti fi lẹ́tà tó ní hàn yín. Òun ni kí ẹ lò.

Àyè tuntun dà?

Windows dìde, gbogbo nǹkan wà bó ṣe wà, inú yín dùn, ẹ ṣí This PC, C: ṣì jẹ́ 465GB. Kò sẹ́ni tó jí yín ní nǹkan. Ẹ̀dà gan-an la ṣe, àyè tó kù wà lẹ́yìn tí kò sẹ́ni tó tíì pín in. Ẹ kọ diskmgmt.msc sínú àpótí ìwákiri, ẹ ó rí i pẹ̀lú ìlà dúdú lórí, "Unallocated". Bí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ C: tààrà, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún eku tẹ C:, ẹ yan "Extend Volume", ó parí.

Àmọ́ "Extend Volume" kì í sábà ṣeé tẹ̀, nítorí ìpín Recovery kékeré jókòó sáàárín C: àti àyè òfìfo. Windows kò lè fò ó. Àwọn kan á ní kí ẹ pa á rẹ́. Èmi kò gbà: òun ni ojú ewé àtúnṣe tí mo sọ lókè yẹn ń gbé inú rẹ̀. Ẹ tún fi fíláàṣì Rescuezilla dìde, kí ẹ ṣí GParted tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sọ pé òun kò tíì lo gbogbo àyè dísìkì náà, ẹ tẹ "Fix". Ẹ yan ìpín Recovery, ẹ tẹ "Resize/Move", kí ẹ fà á lọ sí òpin ọ̀tún pátápátá, kí ẹ tẹ àmì "Apply". Ẹ ṣọ́ iná dáadáa lásìkò yìí, torí pé ó ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn lórí dísìkì kan náà. Lẹ́yìn náà ẹ padà sínú Windows, "Extend Volume" á ti ṣeé tẹ̀.

Ẹni tó bá ra dísìkì tó ju 2TB lọ, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ṣì ń lo MBR, ìlànà àtijọ́ fún pípín dísìkì, kò ní lè lo ohun tó kọjá 2TB. Irinṣẹ́ mbr2gpt wà nínú Windows 10 láti ẹ̀dà 1703 tó jáde lọ́dún 2017. Ó ń sọ MBR di GPT, ìlànà tuntun, láì pa nǹkan rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ yí ọ̀nà ìdìde inú BIOS sí UEFI lẹ́yìn rẹ̀, bí láptọ́ọ̀pù bá ní in.

Ẹ wá dá àwọn ohun tí a pa padà: powercfg /h on, àti Device encryption fún ẹni tó bá ń lò ó. Ẹ wo Settings, System, Activation. Pákó kọ̀ǹpútà ni àṣẹ Windows sábà máa ń so mọ́, kì í ṣe hard disk, nítorí náà kò yẹ kó béèrè nǹkan kan. Ẹ kọ fsutil behavior query DisableDeleteNotify. Bí ìdáhùn bá jẹ́ 0, TRIM tó ń tọ́jú SSD wà lórí iṣẹ́.

Hard disk àtijọ́

Ẹ má fọwọ́ kàn án fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ fi sínú àpò tó bá tuntun wá. Ẹ ṣí gbogbo sọ́fútíwíà tí ẹ ń lò láàárín ìgbà náà, ẹ tẹ ìwé, ẹ ṣí project, ẹ wọlé sí báńkì yín. Bí ohunkóhun bá lọ́ lọ́rùn, ẹ kàn dá àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀, kọ̀ǹpútà yín á sì wà bó ṣe wà lọ́jọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sínú àpótí USB, kí ẹ máa kó ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí i. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ tà á, tàbí ẹni tó bá yín ṣe iṣẹ́ ní kí ẹ fi dípò owó, ẹ kọ́kọ́ nù ún. "Quick format" kò nu nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n á kó gbogbo rẹ̀ jáde. Nínú diskpart, list disk, ẹ yan nọ́ńbà tirẹ̀, kí ẹ kọ clean all. Á kọ òdo sí ibi gbogbo lórí rẹ̀. Bí 500GB bá ń gbé 100MB ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, á gbà tó wákàtí kan àtààbọ̀. Diskpart kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá yín lójú, nítorí náà ẹ ka orúkọ àti ìwọ̀n dísìkì náà sókè kí ẹ tó tẹ Enter.